Máàpù àtijọ́ ti ọ̀sà Èkó: bí mo ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà níbí ní Ifẹ̀, àti ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣìnà

Bàbá kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere, láti Iléṣà ni wọ́n ti wá, wọ́n ká bébà gígùn kan mọ́ abíyá bí ẹni gbé ẹní. Mo ní ẹ káàbọ̀ sà, wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi tẹ́ kinní náà sórí tábìlì mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo máa ń fi máàpù sínú kọ̀ǹpútà. Bá mi wo ilẹ̀ bàbá mi nínú èyí. Ṣé omi ti gbé e lọ ni àbí wọ́n ń purọ́ fún mi?" Bàbá tiwọn ṣe òṣómàáló títí dé Èkó nígbà ayé ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ra ilẹ̀ sí apá Bàrígà, ọ̀sà wà ní ìlà-oòrùn ẹ̀, ọ̀sà yẹn ló wá ń fa wàhálà báyìí. Fọ́tókọ́pì máàpù ìjọba àtijọ́ ni bébà tí wọ́n gbé wá, dúdú àti funfun, ẹnì kan tiẹ̀ ti fi báírò pupa yí ibì kan po.

Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, torí mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Màá sọ ọ́ tá a bá débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání látìbẹ̀rẹ̀ ni pé etí omi tẹ́ ẹ bá rí lórí máàpù ọ̀sà, ó ní ọjọ́ kan tó so mọ́, ìyẹn ọjọ́ tí ẹnì kan wo omi yẹn tó sì fa ìlà sí i. Tẹ́ ò bá tíì mọ ọjọ́ yẹn, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìlà náà.

Ẹ lè ní kí ló kan ará Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀sà. Ó kàn wá o. Omi Ọ̀pá tó gba inú ọgbà Yunifásítì wa kọjá, inú Ṣàṣà ló ń lọ, Ṣàṣà sì ń sọ̀ lọ sí gúúsù títí dé inú ọ̀sà, Ọ̀ṣun náà ibẹ̀ ló forí lé. Tẹ́ ẹ bá da omi ìfọṣọ sí gọ́tà tó wọ Ọ̀pá lónìí, ẹja ọ̀sà á gbọ́ tó bá yá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gan-an ló yẹ kó mọ ọ̀nà ọ̀sà jù wá lọ, torí nígbà ogun Kírìjí, ọ̀nà Oǹdó tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, là ní nǹkan bí 1872, tó sọ̀ kalẹ̀ dé etí ọ̀sà kó máa baà gba ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ni ìbọn ń gbà láti Èkó gòkè wá. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ti àwọn ará etí omi nìkan ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bébà tẹ́ ẹ ń wá

Máàpù tó wúlò jù fún iṣẹ́ yìí ni ti 1:50,000 tí Federal Surveys, ilé iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀, tẹ̀ jáde, èyí tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ máa rí jẹ́ ti àwọn ọdún 1960. Sẹ̀ǹtímítà méjì lórí bébà jẹ́ kìlómítà kan nílẹ̀. Wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí búlọ́ọ̀kù ìdajì dìgíríì níbùú lóròó, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti orúkọ ìlú kan, wọ́n wá gé búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin: NW, NE, SW, SE. Bébà kan nínú mẹ́rin yẹn gba ìṣẹ́jú dìgíríì 15 sí 15, tẹ́ ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, á tó sẹ̀ǹtímítà 55 tàbí ọ̀kan tó súnmọ́ ọn, ó tóbi ju ohun tí sikánà kékeré ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì lè gbé lọ.

Kẹ́ ẹ tó lọ sí ọ̀sà, ẹ fi ilé kọ́ra. Nọ́ńbà 243 ni ti Ilesha (bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ẹ má wá Iléṣà pẹ̀lú àmì o, ẹ ò ní rí i), 263 ni ti Ondo. Ìlà 7°30' (dìgíríì méje àti ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí àríwá) ló la méjèèjì láàárín, àwa ará Ifẹ̀ wá bọ́ sí orí ìlà náà gan-an: ààfin Ọọ̀ni wà lórí bébà Ondo NW, Oduduwa Hall wà lórí bébà Ilesha SW. Ìlú kan, bébà méjì! Iléṣà fúnra ẹ̀ kò sàn jù wá lọ, 4°45' (sí ìlà-oòrùn) ni bébà SW parí sí, àárín ìlú wà ní nǹkan bí 4°44', tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀ sí ìlà-oòrùn ẹ ti bọ́ sí bébà kejì. Mo máa ń fi èyí kọ́ àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi torí wọ́n mọ títì, wọ́n mọ odò, tí wọ́n bá gbé máàpù sí ibi tí kò yẹ, ojú wọn á ti sọ fún wọn kí èmi tó sọ.

Ti ọ̀sà Èkó wá burú ju tiwa lọ. Ìlà 6°30' àti ìlà 3°30' pàdé ara wọn láàárín omi níbẹ̀, ìyẹn ni pé igun bébà mẹ́rin pàdé sórí omi lásán, kò sí ilé, kò sí títì, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ bóyá wọ́n bára mu. Ọ̀sà Lẹ́kí náà, ìlà 6°30' yẹn gé e sí méjì. Torí náà ẹ má ra bébà kan ṣoṣo kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti ní ọ̀sà.

Níbo lẹ ti máa rí i? Office of the Surveyor-General of the Federation ní Abújà ló jogún iṣẹ́ Federal Surveys, wọ́n sì máa ń ta ẹ̀dà. National Archives wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwa níbí ní láìbúrárì Hezekiah Oluwasanmi, a sì ní ibi tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ sí AFRIGIST, tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà níṣẹ́ máàpù láti 1972, nínú ọgbà OAU níhìn-ín! Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ wá ẹni tó máa kọ́ wọn ní máàpù ò mọ̀ pé ilé ni wọ́n fi sílẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo Old Maps Online, David Rumsey, Library of Congress, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ti apá Àgbádárìgì lọ sí Pọ̀tọ̀nọ́fò, ẹ wo Gallica ti àwọn Faransé.

Etí bébà lẹ máa kọ́kọ́ kà

Ibí yìí ni èèyàn púpọ̀ ti ń ṣe wàdùwàdù. Wọ́n á ṣí máàpù, wọ́n á sáré wá ibi tó kàn wọ́n, wọn ò ní wo gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi o, tí bébà bá ti dé ọwọ́ mi, mo máa ń fi ọwọ́ bo àárín ẹ̀ ná. Ẹ wá ọdún mẹ́ta tó yàtọ̀ síra: ọdún tí bàálù ya fọ́tò ilẹ̀ náà, ọdún tí wọ́n lọ yẹ orúkọ ìlú àti odò wò nílẹ̀, àti ọdún tí wọ́n tẹ bébà. Wọ́n lè ya fọ́tò lónìí kí wọ́n tó tẹ bébà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n sì tún lè tún un tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn láìfi ọwọ́ kan omi rárá. Ọdún fọ́tò ni ọdún etí omi. Ọdún ìtẹ̀wé kò kàn án.

Bébà méjì tó fara kanra lè jẹ́ ti fọ́tò ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá lẹ̀ wọ́n pọ̀, etí ọ̀sà á kàn fò lójijì lójú ìlà ibi tí wọ́n ti pàdé, bí ìgbà tí wọ́n gán aṣọ tí ojú ránṣọ́ ò bá ara mu. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ pé omi ló jẹ ilẹ̀ níbẹ̀. Omi wo? Àlàfo ọdún ni.

Ẹ wo kọ́ńtọ̀ náà, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tó ga bákan náà pọ̀. Àwọn bébà yìí, ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà láàárín kọ́ńtọ̀ kan sí èkejì, ìyẹn mítà 15 lé díẹ̀. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó kún fún òkè, kọ́ńtọ̀ pọ̀ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan òkè lórí bébà. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà, ibi tó pọ̀ ò ga tó mítà 15 rárá, torí náà kò sí ìlà kankan, funfun báláú. Ẹni tó bá ń wá ibi tí omi ti lè ya wọ̀lú, tó wá ń wo kọ́ńtọ̀ Lẹ́kí, ó ń wá eyín ní ẹnu adìyẹ. Ohun tó máa sọ̀rọ̀ fún yín níbẹ̀ ni àmì àbàtà, àmì igbó ẹ̀gbà (mangrove), àti àwọ̀ búlúù. Ẹ ka àlàyé àmì tó wà lórí bébà tiyín gan-an, ẹ má ṣe lo ti bébà míì torí wọ́n máa ń yí i padà láti ìtẹ̀jáde kan sí òmíràn, kẹ́ ẹ wo bóyá ìlà búlúù náà ṣe tààrà tàbí ó já wálawàla, èyí tó bá já wálawàla túmọ̀ sí pé ẹni tó yà á fúnra ẹ̀ ò fọwọ́ sọ̀yà.

Sikáànì

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ plan ilé fún àwọn akítẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, wọ́n ní sikánà fífẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní 400 dpi (ìyẹn píksẹ́ẹ̀lì, àmì kékeré tí wọ́n fi ń to àwòrán, 400 nínú ínǹṣì kan), ní àwọ̀, kí wọ́n fi TIFF pamọ́ dípò JPEG. Ní 400 dpi, píksẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 3 nílẹ̀, ó tó. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ gbalaja níbi tí oòrùn ò ti ràn án tààrà, ẹ má tan fíláṣì, ẹ yà á ní wẹ́wẹ́ bíi mẹ́fà kí èyí kan wọ èkejì díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bébà hàn nínú àwọn fọ́tò náà, torí igun yẹn la máa fi ṣiṣẹ́. Fọ́tókọ́pì, bíi ti bàbá yẹn, ẹ má lò ó tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un. Búlúù àti dúdú ti di ọ̀kan náà nínú ẹ̀, ẹ ò ní mọ odò yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹsẹ̀.

Ó di orí kọ̀ǹpútà

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára púpọ̀ náà gbé e. Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Layer, ẹ mú Georeferencer, òun ló ń so máàpù mọ́ ibi tó wà nílẹ̀ gan-an (nínú àwọn ẹ̀yà àtijọ́, abẹ́ Raster ló wà). Ẹ gbé sikáànì yín wọlé.

Ẹ tẹ igun kìíní máàpù, ibi tí ìlà férémù ti pàdé gan-an, kì í ṣe igun bébà o. Ẹ sún un mọ́lé dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ó máa bi yín ní X àti Y. X ni ìlà-oòrùn, Y ni àríwá, kẹ́ ẹ sì yí ìṣẹ́jú padà sí dẹ́símà: 15' jẹ́ 0.25, 30' jẹ́ 0.5, 45' jẹ́ 0.75. Fún Ilesha SW, igun ìsàlẹ̀ lápá òsì á jẹ́ X 4.5, Y 7.5, igun òkè lápá ọ̀tún á jẹ́ X 4.75, Y 7.75. Ẹnu wa ti mọ́ kí á máa pe ti àríwá ṣáájú, torí náà àwọn ọmọ máa ń yí i padà. Tẹ́ ẹ bá yí ti igun Ifẹ̀ padà, ẹ mọ ibi tí yóò bọ́ sí? Òpóbò, létí òkun lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Rivers! Mo ti rí i kí Ifẹ̀ máa wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpóbò, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn.

Igun mẹ́rin ò tó. Àwọn bébà yìí máa ń ní àmì kékeré ìṣẹ́jú dìgíríì márùn-ún márùn-ún létí férémù, ẹ fi wọ́n kún un kí ó tó bíi mẹ́jọ sí méjìlá. Fún bébà ọ̀sà ó di dandan, torí bí mo ṣe sọ, igun kan á wà láàárín omi tẹ́ ò lè fi ohunkóhun yẹ̀ wò.

Nínú Transformation Settings, ẹ mú Polynomial 1. Ìdí rẹ̀ ni pé bébà máa ń mu ọ̀rinrin, ó sì máa ń fẹ̀ sí apá kan ju apá kejì lọ, Polynomial 1 lè tún ìyẹn ṣe. Thin Plate Spline wà níbẹ̀ náà, òun á fa máàpù bí rọ́bà títí gbogbo ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ á fi bára mu, àṣìṣe yín á wá kàn ṣàdédé sọnù lójú. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Bébà tó ti ká kọ́ńdọ́ kọ́ńdọ́ nìkan ni mo ń lò ó fún. Fún resampling, ẹ fi Nearest neighbour sílẹ̀ kí àwọ̀ má baà dà rú.

Target CRS, ìyẹn ètò ìwọ̀n tí dìgíríì inú máàpù dúró lé, wá ni ibi tí mo ti kó sí gọ́tà.

Bí mo ṣe fi mítà ọgọ́rùn-ún jẹ ilẹ̀ bàbá

Àwọn máàpù yìí, orí Minna ni wọ́n dúró lé. Òkúta kan wà ní Minna tí àwọn sọ̀féyọ̀ ń pè ní L40, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n gbogbo Nàìjíríà, wọ́n sì lo bí wọ́n ṣe rò pé ayé rí nígbà náà, Clarke 1880. GPS tó wà nínú fóònù yín, WGS84 ló ń lò. Dìgíríì kan náà, nọ́ńbà kan náà, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílẹ̀! Ní apá tiwa yìí ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà ọgọ́rùn-ún. (Àwọn sọ̀féyọ̀ tún ní ọ̀nà ìwọnlẹ̀ kan fún gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń pè ní West Belt, òpó ẹ̀ ni ìlà 4°30', kò ju kìlómítà díẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn ọgbà OAU. Mo ti pinnu pé ọjọ́ kan màá lọ dúró lórí ẹ̀ ya fọ́tò.)

Mo gba ti bàbá lọ́wọ́ wọn, mo sikáànì ẹ̀, mo fi igun sí i, mo wá fi Target CRS sílẹ̀ lórí WGS84 torí òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣí i. Mo fi fọ́tò sátẹ́láìtì sábẹ́ ẹ̀, mo wò ó, etí ilẹ̀ inú máàpù àtijọ́ wọ inú omi òde òní lọ ní nǹkan bíi mítà 80 sí 90. Mo pe bàbá lórí fóònù, mo fi ẹ̀dùn ọkàn sọ fún wọn pé sà, ọ̀sà ti jẹ ẹ́ o. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, Ọlọ́run ló mọ̀." Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn ò lọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kejì mo tún ṣí i, mo ń fi ọwọ́ fà á kiri, mo bá dé ojú rélùwéè. Rélùwéè àtijọ́ náà ti sún sí ìlà-oòrùn, mítà 80 ó lé náà. Mo ní háà. Rélùwéè tó ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀sà ló jẹ òun náà àbí kí ló gbé e? Mo wo ọ̀nà kan, ó sún bákan náà, síbi kan náà. Gbogbo máàpù ló rìn. Ilẹ̀ bàbá ò lọ síbì kankan, èmi ni mo gbé e jù sínú omi. Mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà fúnra mi lọ bẹ̀ wọ́n, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Torí náà: Target CRS, ẹ kọ EPSG:4263, Minna nìyẹn, tó bá jẹ́ pé dìgíríì igun férémù lẹ fi ṣe é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà gíríìdì inú máàpù lẹ lò, ẹ wo etí bébà kẹ́ ẹ mọ gíríìdì wo ni: EPSG:26391 ni Minna West Belt, EPSG:26331 ni Minna UTM 31N. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ yín dúró lórí EPSG:32631, ìyẹn WGS84 UTM 31N, kí ìwọ̀n lè máa jáde ní mítà. QGIS máa bi yín ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbà yí Minna sí WGS84, á tò wọ́n sílẹ̀ fún yín, ẹ mú ọ̀kan tó jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì lo ọ̀kan náà fún gbogbo bébà yín.

Kẹ́ ẹ sì tó gba ohunkóhun gbọ́, ẹ wá nǹkan mẹ́ta sí mẹ́rin tí kò lè rìn: rélùwéè, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ bíi Kàtídírà tó wà ní Màríínà, oríta tí kò tíì yí padà. Tí wọ́n bá jókòó síbi tó yẹ kí wọ́n jókòó, ó kù kẹ́ ẹ wo omi. Afárá ò dáa púpọ̀ fún èyí, wọ́n ti tún Carter Bridge kọ́, Third Mainland ò sì sí nínú máàpù àtijọ́ rárá torí 1990 ni wọ́n ṣí i tán.

Nínú tábìlì àwọn ibi tẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ máa rí residual, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní píksẹ́ẹ̀lì. Ní 400 dpi, píksẹ́ẹ̀lì márùn-ún jẹ́ mítà 16. Tí ọ̀kan bá ga ju àwọn yòókù lọ, ẹ tún un tẹ̀, ẹ má kàn pa á rẹ́ kí nọ́ńbà lè dùn-ún wò. Ẹ fi àwọn ibi náà pamọ́ kẹ́ ẹ tó tì í, ẹ máa padà wá bá wọn.

Fífa etí omi

Ẹ dá layer tuntun sílẹ̀, GeoPackage, oríṣi line. Ẹ fún un ní àwọn kọ́lọ́ọ̀mù yìí: orúkọ bébà, ọdún fọ́tò, ohun tí ìlà náà jẹ́, àti bó ṣe dá yín lójú tó. Kọ́lọ́ọ̀mù kẹta yẹn ni kẹ́ ẹ má fò. Níbi tí iyanrìn wà, ìlà náà jẹ́ ibi tí omi pin. Níbi tí igbó ẹ̀gbà wà, bàálù tó yàwòrán látòkè, orí igi ló rí, omi lè wọ abẹ́ igi lọ jìnnà kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Òkóbàbà níbi tí wọ́n ti la pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹ̀fun pákó àti pàǹtí ni wọ́n fi ti omi sẹ́yìn, èèyàn ló ṣe etí omi yẹn. Mẹ́ta yìí ò jọra, ẹ má fi àwọ̀ kan náà kùn wọ́n.

Omi fúnra ẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀. Lẹ́nu èbúté Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà jẹ́ nǹkan bíi mítà kan, nínú ọ̀sà kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ní kí ni mítà kan. Ilẹ̀ tó bá rọra tẹ̀ ní mítà kan nínú ọgọ́rùn-ún, omi tó gòkè mítà kan á rìn wọ̀lú ní ọgọ́rùn-ún mítà! Kẹ́ ẹ wá fi ìgbà òjò kún un tí odò Ògùn bá ti gbé omi òkè wá. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ẹ̀rùn wé fọ́tò ẹ̀ẹ̀rùn.

Fún àwọn ọdún tó tẹ̀ lé máàpù, ẹ lọ sí EarthExplorer ti USGS, ẹ fi íméèlì forúkọ sílẹ̀. Fọ́tò sátẹ́láìtì Landsat wà níbẹ̀ láti 1972, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn fọ́tò CORONA wà níbẹ̀ náà, èyí tí àwọn Amẹ́ríkà fi ń ṣe amí láti ojú ọ̀run ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n tú sílẹ̀ fún aráyé ní 1995. Èyí tí wọ́n ti sikáànì, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ ṣọ́ra fún wọ́tà háyásíǹtì, ewéko tó léfòó yẹn. 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní kíríìkì Àgbádárìgì, látìgbà yẹn tó bá ti pọ̀, ó máa ń rí bí ilẹ̀ nínú fọ́tò sátẹ́láìtì. Ẹ wo fọ́tò oṣù méjì tó yàtọ̀ síra, ilẹ̀ kì í rìn láàárín oṣù méjì.

Ìgbà wo ni kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti yí padà

Ẹ rò ó pọ̀. Ìlà tó nípọn tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà lórí bébà jẹ́ mítà 10 nílẹ̀. Ẹ fi àṣìṣe igun kún un, ti Minna sí WGS84, ti ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n lórí máòsì. Òfin tèmi ni pé ohun tí kò bá tó mítà 50, mi ò ní pè é ní àyípadà, màá dákẹ́ ni. Plọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, lórí bébà 1:50,000 kò tó mìlímítà kan níbùú tàbí lóròó, orí abẹ́rẹ́ lásán. Torí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi máàpù yìí pààlà plọ́ọ̀tì, sọ̀féyọ̀ tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè ṣèyẹn.

Àmọ́ àwọn àyípadà kan wà tó tóbi tí ojú lásán lè rí. Àwọn ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu òkun Èkó láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, wọ́n dá iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn ń sanra, etíkun Victoria lápá kejì ń gbẹ, ní ibi kan òkun jẹ ju kìlómítà kan lọ. Eko Atlantic tí wọ́n ń da iyanrìn sí láti nǹkan bí 2008, ilẹ̀ tí òkun jẹ ni wọ́n ń gbà padà. Ẹ wo Màríínà náà: nínú máàpù àtijọ́ ó jókòó sétí omi gan-an, lónìí títì ńlá mìíràn ti wà láàárín òun àti omi. Kánààlì MacGregor tó ya Ìkòyí kúrò lára Erékùṣù Èkó, èyí tí wọ́n gbẹ́ lásìkò gómìnà MacGregor, wọ́n ti dí i pa, orí bébà nìkan lẹ ti máa pàdé ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sẹ́yìn ju 1900 lọ

Ìwọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ fún igun férémù. Plan ìlú Èkó tí W. T. G. Lawson ṣe ní 1885 dáa gan-an fún àdúgbò, ẹ fi oríta àti ṣọ́ọ̀ṣì mú un dúró. Ṣáàtì ojú omi ti àwọn ọkọ̀ òyìnbó, fádọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń wọn jíjìn omi, fádọ́ọ̀mù kan jẹ́ mítà 1.83, etí ilẹ̀ wọn sì máa ń jẹ́ bí atukọ̀ ṣe rí i látorí ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ ò dé, ẹ̀dá ló mọ̀. Máàpù Faransé àtijọ́ ti apá Dàhòmì lè máa ka dìgíríì láti Párìsì dípò Greenwich, ẹ ní láti fi 2°20'14" kún un kẹ́ ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Pọ̀tọ̀nọ́fò á wọ ilẹ̀ Gánà lọ. Orúkọ náà á da yín láàmú: Cradoo ni wọ́n ń pe omi tó wà níwájú Ìkòròdú, Leckie ni Lẹ́kí, Jebu ni Ìjẹ̀bú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ Èjìnrìn gàdàgbà lórí àwọn kan, ọjà ńlá ni nígbà yẹn, ibẹ̀ ni ẹrù òkè ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ lónìí ò ní mọ̀.

Fún bàbá, mo tẹ bébà A3 kan, ìlà mẹ́ta lórí ẹ̀: búlúù fún máàpù àtijọ́, àwọ̀ ọsàn fún Landsat, pupa fún ti ìsinsìnyí, mo kọ ọdún sí ẹsẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Lápá ọ̀dọ̀ wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun ara wọn. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n fi ìka hàn wọ́n ibi tí rélùwéè wà. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Èyí tó o sọ pé ó rìn lọ́jọ́sí?"